Ẹni Tí Ó Fẹ́ Ìkóódẹ, Kí Ó Dá Odídẹrẹ́ Sí

Àdúrà tí àwọn àgbà Yorùbá máa ń ṣe fún ẹni tí ó ń rin ìrìn-àjò ni pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ó ti wù kí ẹyẹ náà fò jìnnà tó láti wá ẹyìn jẹ, yóò padà sí ibùsùn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, oko ìwájẹ gan-an ni odídẹrẹ́ ń kú sí. Àwọn kan ń fi àtè mú un lórí igi. Àwọn kan ń gun igi gíga lọ kó ọmọ rẹ̀ nínú ihò. Àwọn mìíràn a sì gé igi náà lulẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ́ àti ọmọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àṣà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ipò tí ẹyẹ yìí wà láàárín Yorùbá kọjá ti ẹyẹ tí wọ́n ń sìn fún ọ̀ṣọ́.

Kò sí ẹni tí ó mọ àṣà tí kò mọ ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa tí ó wà ní ìrù odídẹrẹ́. Wọ́n ń fi í ṣe adé ọba lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n sì ń fi í sí iwájú orí ìyàwó òrìṣà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò gbàgbé rẹ̀. Ekodidé ni wọ́n ń pè é ní Bahia títí di òní. Ní ọdún 1966, Deoscóredes Maximiliano dos Santos, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Mestre Didi, tẹ ìwé kan jáde lórí ìdí tí Òṣàálá, òrìṣà aláṣọ funfun, fi ń lo ìyẹ́ pupa yìí. Ìlú Ìwó ń fi odídẹrẹ́ yangàn nínú oríkì rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ ẹ̀wẹ̀, bí àwọn ìjòyè bá kọ Aláàfin, wọ́n lè fi ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i. Bí Kábíyèsí bá ti rí i, ó mọ̀ pé ó di dandan kí òun wàjà. Ẹyẹ tí ẹyin rẹ̀ lágbára tó báyìí kò yẹ ní ohun tí wọ́n ń dì sínú àpò tà lẹ́bàá ọ̀nà.

Iye tí ó kù nínú igbó kò pọ̀ mọ́. Ní ilẹ̀ Gánà, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣe ìwádìí kéde ní ọdún 2016 pé nínú gbogbo 100 odídẹrẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ní ọdún 1992, 90 sí 99 ni kò sí mọ́. Láti ọdún 1975, ó ju 1,000,000 odídẹrẹ́ inú igbó lọ tí wọ́n fi ìwé àṣẹ kó jáde ní Áfíríkà lọ sí òkè òkun. Èyí tí wọ́n fi ṣe fàyàwọ́ kò sí nínú ìṣirò yìí, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó kú sínú àgò kí ó tó dé èbúté. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, fi dìbò ní Johannesburg ní ọdún 2016 láti fòfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2017.

Àwọn kan yóò sọ pé bí wọn kò bá mú odídẹrẹ́ nínú igbó mọ́, ibo ni ìkóódẹ yóò ti wá? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ìyẹ́ 12 ni ó wà ní ìrù odídẹrẹ́. Wọn a máa já bọ́ fúnra wọn díẹ̀díẹ̀, òmíràn a sì hù dípò wọn. Bẹ́ẹ̀ ni odídẹrẹ́ tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè gbé nínú ilé fún 40 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó pa á rí ìyẹ́ 12 gbà, ó parí. Ẹni tí ó sìn ín yóò máa ṣa ìkóódẹ nílẹ̀ títí yóò fi darúgbó. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó fẹ́ràn àṣà?

Ọ̀nà tí ó yẹ ni pé kí àwọn tí ó ti ní odídẹrẹ́ nílé jẹ́ kí ó bí sí i. Iṣẹ́ sùúrù ni. Akọ àti abo jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀. Àyẹ̀wò ìyẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹyẹ náà gbọ́dọ̀ tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó lè yé ẹyin. Inú ihò igi ni ó ń yé sí nínú igbó, nítorí náà àpótí pákó tí ó jìn, tí ó sì ṣókùnkùn, ni kí wọ́n kàn fún un. Ẹyin méjì sí márùn-ún ni ó ń yé. Abo a sàba lé e fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, akọ a sì máa gbé oúnjẹ wá fún un. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 kí ọmọ tó jáde kúrò nínú ìtẹ́. Ẹyìn, èso àti ẹ̀fọ́ dára fún un. Píà ní tirẹ̀, májèlé ni.

Àwọn oníṣòwò fẹ́ràn láti tètè gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí wọ́n máa fi ọwọ́ bọ́ ọ, kí ó lè mọ́ ènìyàn lára kí owó rẹ̀ sì gòkè. Bí ìyá bá kú tàbí tí ó kọ ọmọ, kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè ṣe. Oúnjẹ tí wọ́n pò bí ẹ̀kọ ni wọn yóò fún un, ìgbóná rẹ̀ yóò sì wà láàárín 39 àti 41 ní ìwọ̀n Celsius. Bí ó bá gbóná jù, yóò jó àpò oúnjẹ tí ó wà ní ọrùn rẹ̀. Bí ó bá tutù jù, oúnjẹ kò ní dà, yóò sì kan níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, bí wákàtí méjì méjì ni wọn yóò máa bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ìyá àti bàbá bá wà láàyè, àwọn ni kí wọ́n jẹ́ kí ó tọ́ ọmọ wọn. Odídẹrẹ́ tí kò mọ odídẹrẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì dá wà nínú àgò kékeré, a máa fi ẹnu ara rẹ̀ tu ìyẹ́ ara rẹ̀ títí àyà rẹ̀ yóò fi hàn ní ìhòòhò. Kí ni ẹni tí ó ń wá ìkóódẹ fẹ́ fi irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ẹ̀rù tí ó tọ́ sí bíbà ni pé àwọn ọ̀bàyéjẹ́ lè mú ẹyẹ igbó wá, kí wọ́n ní ilé ni àwọn ti bí i. Òrùka ẹsẹ̀ ni ó lè dí ọ̀nà yìí. Òrùka tí kò ní ojú ṣíṣí, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, ẹsẹ̀ ọmọ ẹyẹ kékeré nìkan ni ó lè gbà wọlé. Kò lè wọ ẹsẹ̀ ẹyẹ tí ó ti dàgbà. Ó yẹ kí ìjọba pa á láṣẹ, kí wọ́n sì fi orúkọ gbogbo ẹni tí ó ń sin odídẹrẹ́ sílẹ̀.

Lóòótọ́ ni pé inú igbó ni àwọn baba ńlá ti mú tiwọn. Ní ayé wọn, igbó pọ̀, kò sì sí ọkọ̀ òfuurufú tí ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ lọ. Ọgbọ́n ọdún nìí, wèrè ẹ̀míì. Àwọn ọba àti àwọn olórìṣà ni iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ já lé léjìká, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń lo ìkóódẹ jù. Kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e wá: ṣé ilẹ̀ ni ó ti ṣà á, àbí ara ẹyẹ tí ó kú ni ó ti tu ú? Bí olùrà bá kọ ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n pa, ọdẹ kò ní rí ẹni tà á fún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.