Ẹ̀yin ará Èjìgbò, orúkọ òwò tí ẹ gbà ní CAC kì í ṣe kọ́ńpìnnì o

Lọ́dún 2024, nígbà tí àjọ CAC ní kí gbogbo oní-POS wá forúkọ òwò wọn sílẹ̀, ọjọ́ keje oṣù Keje ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe gbèdéke, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án. Ariwo pọ̀ nígbà náà. Àwọn kan bínú, àwọn kan sáré lọ ṣe é. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá délé ní Èjìgbò, n kì í rìn jìnnà kí n tó rí ìwé ẹ̀rí CAC tí wọ́n fi gíláàsì bò, tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á wá rẹ́rìn-ín, á ní, "Lọ́yà, èmi náà ti ní kọ́ńpìnnì báyìí o."

Mo máa ń bá wọn yọ̀. Àmọ́ tí mo bá sún mọ́ ògiri tí mo ka ìwé ọ̀hún, orúkọ òwò ni, ohun tí gbogbo ayé ń pè ní business name. Kì í ṣe àwọn oní-POS nìkan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lásìkò kòrónà, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò Survival Fund kalẹ̀ láti bá okòwò kéékèèké 250,000 san owó ìforúkọsílẹ̀ ní CAC. Orúkọ òwò ni èyí náà. CAC ló ń fúnni ní méjèèjì, òfin kan náà, ìyẹn CAMA ọdún 2020, ló dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọra rárá.

Orúkọ òwò kò ju orúkọ lọ. Tí ẹ bá fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sílẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ ṣì wà ńbẹ̀: ẹ̀yin lẹ jẹ gbèsè, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́, ọ̀kadà tó wà níwájú ilé yín àti ilẹ̀ tí ẹ rà lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kò sí èyí tí olówó ò lè nawọ́ sí. Kọ́ńpìnnì yàtọ̀. Abala 42 nínú CAMA sọ pé láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti di ẹni tó dá dúró lójú òfin. Ó lè ra ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ó lè jẹ gbèsè, ó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́, wọ́n sì lè pe òun náà. Bó bá wó, ohun tí ẹ máa pàdánù kò ju owó ìpín tí ẹ fọwọ́ sí pé ẹ máa san lọ. Ohun tí "limited" tó wà nídìí orúkọ ń sọ nìyẹn: gbèsè náà níbi tó ń dé dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Oníbàtà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Aron Salomon, sọ òwò rẹ̀ di kọ́ńpìnnì lọ́dún 1892. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ márùn-ún gba ìpín kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ kó 20,001. Nígbà tí òwò dẹnu kọlẹ̀, wọ́n ní Salomon àti kọ́ńpìnnì rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n, kó wá san gbèsè. Lọ́dún 1896, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní rárá o. Bí ẹni mowó ni akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣe mọ ẹjọ́ yẹn ní Nàìjíríà, àmọ́ ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Tẹ́lẹ̀, ó kéré tán, ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ wà nínú kọ́ńpìnnì aládàáni. Ìdí nìyẹn táwọn bàbá wa fi máa ń kọ orúkọ ìyàwó tàbí àbúrò tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ sínú ìwé. Láti ìgbà tí Ààrẹ Buhari ti buwọ́ lu CAMA tuntun lọ́jọ́ keje oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀, owó ìpín tó kéré jù sì jẹ́ 100,000 náírà.

Ṣùgbọ́n àwọn tí owó Àbíjáǹ wà nínú òwò wọn gan-an ni mo ń bá wí. Ta ni kò sí nínú wọn ní Èjìgbò? Ìlú tí bọ́ọ̀sì ti ń gbéra tààrà lọ sí Àbíjáǹ, tí wọ́n ti ń ná sẹ́fà, tí ìyá ẹlòmíì ń fi Faransé bú u!

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀gbọ́n ń tajà ní Treichville. Àbúrò wà nílé, ó jáde ní UNIOSUN, kò ríṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n fowó ránṣẹ́, wọ́n ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n gba ilé tí wọ́n ti ń yan gàrí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó tún fi òmíì ránṣẹ́. Àbúrò lọ gba orúkọ òwò lórúkọ ara rẹ̀, torí òun ló wà nílé, òun ló ní NIN, òun ló ní àkáǹtì. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀, ọmọ ìyá ṣáà ni wọ́n. Ọdún mẹ́fà kọjá, òwò ti gbèrú, àbúrò ti gbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n wálé Iléyá, ó ní, "Òwò mi ńkọ́?" Àbúrò ní, "Òwò ta ni, ẹ̀gbọ́n mi? Owó lẹ yá mi, mo sì ti ń san án."

Mo ti jókòó sáàárín irú ìjà yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ń parọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbà pé òun dókòwò, àbúrò gbà pé òun yáwó, ìyá wọn gbà pé ẹ̀bùn ni. Tó bá dé kóòtù, orúkọ àbúrò nìkan ló wà nínú ìwé CAC, ẹ̀gbọ́n ni yóò máa wá ẹni tó bá a gbé owó wálé lọ́jọ́sí kiri.

Wọ́n lè kọ orúkọ àwọn méjèèjì sórí orúkọ òwò lóòótọ́, kí wọ́n di alájọṣe. Àmọ́ nígbà náà, gbèsè tí àbúrò bá jẹ ní Èjìgbò lè wá ẹ̀gbọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ká ní kọ́ńpìnnì ni, ẹ̀gbọ́n lè ní ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún, àbúrò 40, kí àbúrò sì máa gba owó oṣù rẹ̀ lọ́tọ̀ torí òun ló ń ṣiṣẹ́. Owó tó bá tún wá lẹ́yìn náà, ẹ pinnu bóyá ìpín tuntun ni àbí kọ́ńpìnnì yá a ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí mo ti ń rí i tí wọ́n ń ṣì í ṣe rèé. Abala 394 sọ irú kọ́ńpìnnì tí òfin kà sí kékeré: owó tó ń wọlé lọ́dún kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 120 náírà lọ, dúkìá rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 60, àwọn dáírẹ́kítọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìpín tó tó 51 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì gbọdọ̀ sí àjèjì nínú àwọn onípìn-ín. Ẹni tó bá bọ́ sí i, dáírẹ́kítọ̀ kan tó, kò pọn dandan kó ní akọ̀wé, wọn ò sì ní béèrè ìwé aṣàyẹ̀wò owó lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ńlá lèyí gbà là. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n tó ní 60 yẹn gbọ́dọ̀ di dáírẹ́kítọ̀ pẹ̀lú àbúrò. Tó bá jẹ́ àbúrò nìkan ni dáírẹ́kítọ̀, kékeré ti bọ́.

Ọmọ Èjìgbò tí wọ́n bí sí Àbíjáǹ ńkọ́, ṣé àjèjì ni? Abala 25 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní ẹni tí wọ́n bí sẹ́yìn odi, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ìbí. Bó tilẹ̀ gba ìwé ọmọ onílẹ̀ Côte d'Ivoire, ẹ̀tọ́ yẹn kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn ni kò ní NIN, páspọ́ọ̀tù ọ̀hún ni wọ́n ń mú kiri. Tí ẹni tó ń bá yín forúkọ sílẹ̀ bá fi páspọ́ọ̀tù yẹn ṣe é, wọ́n ti di àjèjì nínú ìwé nìyẹn, CAC sì lè ní kí owó ìpín tó mílíọ̀nù 100 náírà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gba NIN.

Ikú náà tún ń bẹ. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ṣì jẹ́ òfin àṣà Yorùbá fún ogún ẹni tí kò ṣe ìwé ìhágún. Tí ẹ̀rọ bá wà lórúkọ olóògbé, àwọn ọmọ lè tú u tà kí wọ́n pín owó rẹ̀ sí ìdí-igi, àti owó ẹ̀gbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ló ni ín, ìpín olóògbé nìkan ni wọ́n máa pín, ẹ̀rọ á máa rin ẹ̀gẹ́ lọ.

N kò ní kí gbogbo ènìyàn sáré o. Oní-POS tó jókòó sábẹ́ agbòjò, tí kò yáwó, tí kò ní alájọni, orúkọ òwò tó o. Kọ́ńpìnnì ń jẹun lọ́dọọdún: ẹ ó máa fi annual returns ránṣẹ́ sí CAC, bí ẹ bá sì jẹ́ kó pẹ́, owó ìtanràn á máa gorí ara wọn. Báńkì náà gbọ́n. Tí kọ́ńpìnnì kékeré bá wá yáwó, wọ́n á ní kí dáírẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe onídùúró. Ọjọ́ tí ẹ bá buwọ́ lù ú, "limited" ti sùn lọ nídìí gbèsè yẹn. Ẹni tó bá sì gba àsansílẹ̀ owó oníbàárà lórúkọ kọ́ńpìnnì, tó fi jìbìtì ná an síbòmíì, òfin yóò mú òun fúnra rẹ̀.

Ti owó-orí, òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026. Ẹni tó ń lo orúkọ òwò yóò san owó-orí ara rẹ̀ fún ìjọba Ọ̀ṣun lẹ́yìn 800,000 náírà àkọ́kọ́. Òdo ni owó-orí èrè kọ́ńpìnnì kékeré, àmọ́ owó oṣù tí ẹ bá ń gbà níbẹ̀ kò yọ. Kékeré tí òfin owó-orí ń wí kì í sì ṣe kékeré inú CAMA, ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Treichville lè má mọ CAMA, ṣùgbọ́n ó mọ SARL, irú kọ́ńpìnnì yìí kan náà tí wọ́n ń dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lábẹ́ òfin OHADA. Ẹ pè é lálẹ́ òní. Ẹ bi í pé owó tó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, kí ló pè é lọ́kàn ara rẹ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹ yanjú ìyẹn kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan.