"Severely" kì í ṣe "severally" o!

Ará Ẹdẹ mọ ohun tí ìyàtọ̀ kékeré lè dá sílẹ̀. Ọba wọn kan, Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó wà lórí oyè láti 1946 di 1975, gbajúmọ̀ nídìí ìlù dùndún. Onílù sì mọ̀ pé bí ohùn kan bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan mí-ìn nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà lòyìnbó rí. "Severely" àti "severally" jọra bí ìbejì, àmọ́ kì í ṣe ìyá kan náà ló bí wọn. "Severely" ni pé nǹkan le, ó burú kọjá kékeré. "Gan-an" tiwa ń ṣe tibi-tire: ọbẹ̀ lè dùn gan-an, ẹsẹ̀ sì lè dunni gan-an. "Severely" kì í bá wọn dé ìdí ọbẹ̀ tó dùn. Ibi tí ìyà, ìpalára àti àìsàn bá wà ló ń gbé.

Ní ọsíbítù, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àsọdùn rárá. Bí dókítà bá ní ọmọ ọdún mẹ́ta kan ti di "severely anaemic", ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti lọ sílẹ̀ débi tó léwu ni. Òṣùwọ̀n àjọ WHO ni pé kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má tó 7. Ìyá tó bá gbọ́ ọ bí "ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kàn dín díẹ̀", tó gbé ọmọ lọ sílé láti lọ fún un ní omi ewé ugu pẹ̀lú mílíìkì, ewu ńlá ló ń gbé lọ yẹn.

"Severally" ńkọ́? Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló túmọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà ń lò ó fún "lọ́pọ̀ ìgbà", ṣùgbọ́n "several times" nìyẹn. Ẹni tí wọ́n lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àmọ́ tí wọ́n lù bí ẹní máa kú, tó wá kọ "severally" sínú ìwé ọlọ́pàá, kó múra sílẹ̀ fún lọ́yà tó máa bi í ní kóòtù pé: ìgbà mélòó?

Ti báńkì ló tún wá ga jù. Bí èèyàn mẹ́rin bá fọwọ́ síwèé gbèsè tí wọ́n kọ "jointly and severally" sí, tí mẹ́ta sá lọ, báńkì lè gba gbogbo owó náà lọ́wọ́ ẹni kan tó kù. Kì í ṣe ìdá mẹ́rin o, gbogbo ẹ̀ pátá!

Ẹni tó bá béèrè ìtumọ̀ kó tó fọwọ́ síwèé, kò gọ̀. Ẹni tí ojú ń tì láti béèrè ló máa san án.