Bàálù Tí Kò Ká Ẹsẹ̀ Kì Í Ṣe Yẹ̀yẹ́

 Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá, a ò lè gbé e mì mọ́.

Bí ọmọ ilẹ̀ wa kan bá ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun kan bàálù, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká? Tó bá ní rárá, ẹ̀rín ló kù. Wọ́n á ní nǹkan ìṣeré ọmọdé ni. Ẹ̀rín yẹn ló ń ti ọmọ ọlọ́mọ lọ máa gé ìyẹ́ bàálù rẹ̀ níhò.

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tí ẹsẹ̀ kíká ń gbà? Táyà gbọ́dọ̀ ríbi wọ̀ nínú ìyẹ́ tàbí ikùn bàálù, ibi tí a bá sì gé, a gbọ́dọ̀ fún un lágbára padà. Mọ́tò tàbí páìpù òróró ní láti tì í. Ìkọ́ kan á dì í mú lókè, òmíràn á dì í mú nísàlẹ̀, iná á máa sọ fún awakọ̀ pé ó ti dúró gbagidi, ọ̀nà míì sì gbọ́dọ̀ wà tí yóò fi já wálẹ̀ bí mọ́tò bá kú. A ò tíì kan ilẹ̀kùn o! Ilẹ̀kùn ní láti ṣí kí ẹsẹ̀ tó jáde. Bó bá pẹ́ díẹ̀, táyà á gbá a. Ẹ wá ro amọ̀ pupa ilẹ̀ Kétu lẹ́yìn òjò, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ táyà zémìjàn. Amọ̀ yẹn lẹ fẹ́ kí táyà gbé wọnú ihò, kó gbẹ síbẹ̀, kí ilẹ̀kùn wá kọ̀ nígbà tí ènìyàn ṣì wà lókè?

Wọ́n á ní ó ń dín ìdènà afẹ́fẹ́ kù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà á di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà bàálù tó ń sáré burúkú ló ń jèrè rẹ̀. Èyí tí kò sáré tó 200 kìlómítà ní wákàtí kan ńkọ́? Ìwúwo ẹ̀rọ náà á jẹ lára èrè kékeré yẹn. Ẹ fi ìbòrí bo táyà, ó tó; lásìkò òjò, ẹ tú u kúrò.

Richard VanGrunsven ará Amẹ́ríkà ló ya àwọn bàálù RV. Èyí tó lé ní 10,000 ni àwọn ènìyàn ti kàn fúnra wọn, tó sì ti fò, kò sì sí irú kan nínú wọn tó ń ká ẹsẹ̀. Láti ara RV-6A ni Air Beetle ti jáde ní Kàdúná, èyí tí ilé iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà fi kọ́ awakọ̀. Cirrus SR22 tí àwọn olówó ń rà, ó ń sáré ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta gbangba. Ta ló ń fi ìyẹn ṣẹ̀sín?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó àti Kùtọnu, ẹ fi owó ẹsẹ̀ kíká ra bíréèkì gidi àti táyà ńlá. Èyí tó bá kù, ẹ fi sanwó fún ẹni tó níwèé láti yẹ bàálù náà wò, kí ẹ sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ANAC kó tó kúrò nílẹ̀.