Lẹ́tà C inú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́ ikú

Ní Ọjà Sabon Gari tí ó wà nílùú Kano, obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ pè mí wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì fa ìwé kan yọ láti inú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, bí ọ̀pọ̀ àwọn tí baba wọn ti wá ṣòwò sí àdúgbò náà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ó sì ti ń gba ìtọ́jú. Ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ni ìwé náà ti wá. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni CRP 96. Ẹni tí ó fi ìwé náà lé e lọ́wọ́ ti sọ fún un pé kánsà ni C yẹn, àti pé bí ó bá ti tó iye yẹn, àìsàn ti gba gbogbo ẹ̀jẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti tán nìyẹn?"

C yẹn kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú kánsà. Ní ọdún 1930 ni William Tillett àti Thomas Francis ṣe alábàápàdé èròjà náà ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń bá jà. Wọ́n rí i pé ó máa ń dì mọ́ ohun kan tí wọ́n ti fún ní àmì C, èyí tí ó wà lára kòkòrò tí ó fa àìsàn náà. Ibẹ̀ ni C-reactive protein ti gba orúkọ rẹ̀.

Àwa ògbufọ̀ pẹ̀lú jẹ̀bi díẹ̀ nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí. Èròjà amúaradàgbà ni a ń pe protein, ọkàn òǹkàwé a sì máa lọ sórí ẹ̀wà àti ẹyin. Èyí kì í ṣe ohun tí a jẹ. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é nígbà tí ibì kan nínú ara bá wú, tí ó pọ́n, tí ó gbóná, tí ó sì ń dunni. Àwọn ìránṣẹ́ kan nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá èyí tí a ń pè ní interleukin-6, ni wọ́n ń lọ ké sí ẹ̀dọ̀ pé kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, iye CRP lè ga ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Bí ohun tí ó fà á bá sì ti lọ, ìdajì rẹ̀ a ti pòórá nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí 19. Ibà lè gbé e sókè. Eéwo lè gbé e sókè, iṣẹ́ abẹ náà lè gbé e sókè.

Kí ni ó wá pa á pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ? Láti ọdún 1863 ni Rudolf Virchow, oníṣègùn ará Jámánì, ti sọ pé ara wíwú àti jẹjẹrẹ tan mọ́ ara wọn. Ní ọdún 2003, àwọn oníwádìí ní Glasgow, nílẹ̀ Scotland, da CRP pọ̀ mọ́ álbúmìn, tí òun náà ń ti inú ẹ̀dọ̀ wá. Ẹni tí CRP rẹ̀ bá ju mílígíráàmù 10 lọ nínú lítà kan gba máàkì kan; ẹni tí álbúmìn rẹ̀ kò bá tó gíráàmù 35 gba máàkì kan. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 0, 1 tàbí 2. Àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí a kò lè fi iṣẹ́ abẹ yọ ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ó gba 2 kì í sábà pẹ́ láyé tó àwọn tí ó gba 0. Láti ìgbà náà, ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ìfun àti ti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn ti fi irú rẹ̀ hàn. Àyẹ̀wò méjèèjì kò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi, nítorí náà mo fara mọ́ ọn pé kí àwọn ilé ìwòsàn wa máa lò ó.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe sọ ọ́ fún aláìsàn? "Àsọtẹ́lẹ̀" ni àwọn kan nínú àwa ògbufọ̀ ń kọ. Èmi ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí wòlíì àti babaláwo ń sọ ni àsọtẹ́lẹ̀, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ á gbà pé kádàrá ti sọ̀rọ̀. "Ibi tí àìsàn dorí kọ" ni mò ń kọ báyìí, nítorí ohun tí ó dorí kọ ibì kan ṣì lè yà. Ẹni tí ó ń ta àlùbọ́sà mọ̀ pé àpò tí òjò bá pa kì í pẹ́ bàjẹ́. Síbẹ̀ kò lè mú ẹyọ kan nínú àpò náà kí ó búra pé ọ̀la ni yóò rà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni máàkì Glasgow rí.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó kan ọjà náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ta oògùn ní gbangba ní Sabon Gari kí wọ́n tó ní kí àwọn olóògùn kó lọ sí Dangwauro ní ọdún 2024. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí nọ́ńbà wálẹ̀ kíákíá lè rí prednisolone tàbí dexamethasone rà. Nọ́ńbà náà yóò wálẹ̀ lóòótọ́, jẹjẹrẹ ìfun yóò sì jókòó síbi tí ó wà. Oògùn wọ̀nyí lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga, wọ́n sì lè bo àrùn mìíràn mọ́lẹ̀ títí tí apá kò fi ní ká a mọ́. Bí dókítà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wọ́n, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Mo bi obìnrin náà bóyá ara ọkọ rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ní ibà ti ń ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n gbé ìwé náà lọ bá dókítà tí ó ń tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n má sì gbàgbé láti mẹ́nu ba ibà náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó fóònù mi. Wọ́n ti wo ibà náà sàn, CRP sì ti wálẹ̀ sí 18. Álbúmìn jẹ́ 31. Máàkì 2 ni ọkùnrin náà ṣì gbà, n kò sì fi í pa mọ́ fún un. Dókítà ti rí i pé ó ń rù, ó sì ti fi onímọ̀ nípa oúnjẹ kún àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí obìnrin náà ń béèrè ni irú oúnjẹ tí òun lè máa sè kalẹ̀ fún un láàárọ̀ kí òun tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.