Eṣinṣin Èso: Ohun tí Oògùn Apakòkòrò Lè Ṣe àti Èyí tí Kò Lè Ṣe

Ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí máńgòrò sì ń pọ́n ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ni eṣinṣin èso máa ń pọ̀ jù. Èso a dára lójú, ṣùgbọ́n bí a bá là á, ìdin ni. Oníbàárà tí ó bá sì rí ìdin lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kí ó tó padà wá rà.

Èyí tí ó burú jù nínú àwọn eṣinṣin wọ̀nyí kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí. Éṣíà ni ó ti wá. Orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà lọ́dún 2003, kò sì pẹ́ tí ó fi dé Nàìjíríà àti Olómìnira Benin.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ a máa fín gbogbo igi láti orí dé ìdí. Owó a lọ, ìdin kò ní kú, nítorí abo eṣinṣin a máa gún awọ èso, a sì yé ẹyin sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ oògùn tí a fín sí ojú awọ kì í dé. Oògùn náà a tún máa pa oyin, àti èèrà pupa tí ń fi ewé kọ́lé sórí igi. Ìwádìí tí a ṣe ní oko máńgòrò ní Olómìnira Benin, tí a tẹ̀ jáde lọ́dún 2007, fi hàn pé igi tí èèrà yìí pọ̀ sí kì í ní ìdin púpọ̀. Lóòótọ́, wọ́n a máa já ènìyàn jẹ nígbà ìkórè!

Oògùn tí a pò mọ́ oúnjẹ amáradàgbà ni ó yẹ. Abo eṣinṣin nílò irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kí ẹyin rẹ̀ tó gbó. Bí ó bá jẹ ẹ́, yóò kú kí ó tó yé. Ojú ibi kékeré kan lára ewé ni a ń fín in sí, kì í ṣe ara èso. Bí òjò bá fọ̀ ọ́ kúrò, a ó tún un fín.

Ṣùgbọ́n bí èso jíjẹrà bá kún abẹ́ igi, òfo ni gbogbo rẹ̀, torí inú ilẹ̀ ibẹ̀ ni ìdin ń wọ̀ lọ láti di eṣinṣin. Ẹ ṣà wọ́n, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú, kí ẹ sì sá a sóòrùn. Kí aládùúgbò oko náà ṣe bẹ́ẹ̀. Eṣinṣin kò mọ ààlà.

Ẹ má ṣe fín dichlorvos sí èso. Àṣẹ́kù oògùn yìí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù rí lára ẹ̀wà Nàìjíríà tí wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lọ́dún 2015. Oògùn tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ka iye ọjọ́ tí a ó fi dúró kí a tó ká èso. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn, ni ẹ lè kàn sí fún ìmọ̀ràn.