Ẹgbẹ́ Kì í Ṣe Oko Ẹrú

Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ẹni tí ó rí àjànàkú tí ó ní òun rí nǹkan fìrí, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Ohun tí ojú rí ní ilẹ̀ Ghánà ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2024 kì í ṣe nǹkan fìrí. Ní ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ New Patriotic Party, èyí tí erin jẹ́ àmì rẹ̀, tí a ó sì máa pè ní ẹgbẹ́ Elérin nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, ṣubú lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí ó ti ń ṣèjọba. Ní ọjọ́ kejì, kí ìgbìmọ̀ elétò ìdìbò tó kéde ẹni tí ó wọlé, olùdíje ẹgbẹ́ náà, Dókítà Mahamudu Bawumia, bọ́ sí gbangba ní Accra, ó gbà pé a ti borí òun, ó sì kí John Mahama ti ẹgbẹ́ National Democratic Congress, ẹgbẹ́ Aláburadà, kú oríire. Ìwà ọmọlúwàbí ni èyí, a sì yìn ín fún un.

Ẹgbẹ́ a máa ṣubú, ẹgbẹ́ a sì máa dìde. Ohun tí ó mú wa gbé kálámù ni ọ̀nà tí eléyìí gbà ṣubú. Ní ọdún 2020, Ààrẹ Nana Akufo-Addo gba ìbò tí ó lé ní mílíọ̀nù 6.7 fún ẹgbẹ́ Elérin. Ní 2024, ohun tí ẹgbẹ́ kan náà rí kò tó mílíọ̀nù 5. Nínú ilé aṣòfin, ìjókòó 137 tí ó ní tẹ́lẹ̀ wá sílẹ̀ títí kò fi tó 90. Níbo ni àwọn ìbò náà sá gbà? Ẹni tí kò bá yẹ ìwé wò yóò ní ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Aláburadà ni gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n Mahama gba ìbò tí ó lé ní mílíọ̀nù 6.2 ní 2020, ó sì gba nǹkan bí mílíọ̀nù 6.6 ní 2024. Ohun tí ó fi lé ti ìṣáájú kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ̀yìn sí Elérin kò bá ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n jókòó sílé ni. Ní 2020, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò, 79 ni ó jáde. Ní 2024, iye náà kò tó 65.

Àwọn wo ni ó jókòó sílé yìí? Kì í ṣe ọ̀tá ẹgbẹ́. Ọ̀tá kì í jókòó ní ọjọ́ ìdìbò. Kùtùkùtù ni yóò ti tò sórí ìlà. Ọmọ ilé ni wọ́n. Ẹ fojú inú wo ìyá kan ní ọjà Makola, tí bàbá rẹ̀ dìbò fún Busia ní 1969, tí òun fúnra rẹ̀ dìbò fún Kufuor ní 2000, tí ó fi aṣọ ẹgbẹ́ jó ní 2016. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ òun ní ìfẹ́ ẹgbẹ́. Ó mọ oore tí ìjọba náà ṣe pẹ̀lú: láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ni àwọn ọmọ ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga oníwèé mẹ́wàá láìsan owó, ohun tí àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí yóò mọ iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé ọjà tí òun fi sídì 100 rà ní ìparí ọdún 2021, sídì 154 ni a ń béèrè lórí rẹ̀ ní ìparí 2022. Ó rí i tí ìjọba bu owó-orí lé owó tí ènìyàn bá fi ẹ̀rọ alágbèéká ránṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé ní 2025. Ó rí i tí ìjọba dá sísan gbèsè ilẹ̀ òkèèrè dúró ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, tí a sì ní kí àwọn tí ó yá ìjọba lówó nínú ilé gba ìwé gbèsè tuntun tí èrè rẹ̀ kéré. Àwọn àgbàlagbà tí ó ti fẹ̀yìntì, tí ó fi owó ọjọ́ ogbó wọn síbẹ̀, lọ dúró sí iwájú ilé-iṣẹ́ ètò ìnáwó ní Accra ní 2023, wọ́n di páálí mú. Adájọ́ àgbà àná, Sophia Akuffo, wà láàárín wọn. Nígbà tí àgbà bá dé ojú òpópónà, ọ̀rọ̀ ti kọjá kí a máa fi orin ẹgbẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣé ẹgbẹ́ Elérin kò gbọ́ ni? Níhìn-ín ni a dé ìdí ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ẹgbẹ́ náà ṣe ìdìbò abẹ́lé láti yan ẹni tí yóò fà kalẹ̀. Àwọn tí ó dìbò ni àwọn aṣojú: àwọn olóyè ẹgbẹ́ láti ibùdó ìdìbò títí dé òkè, gbogbo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Bawumia gba 118,210, Kennedy Agyapong gba 71,996. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò gbogbo ilẹ̀ náà lé ní mílíọ̀nù 18. Èyí ni pé nínú ọgọ́rùn-ún òǹdìbò, bí ẹnì kan péré ni a pè láti wá yàn fún àwọn 99 tí ó kù. Òfin ẹgbẹ́ ni, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ẹ̀bi wà nínú ìbéèrè tí a ń bi ara wa nínú yàrá náà. Aṣojú a máa béèrè pé: ta ni ó ti pẹ́ jù nínú ẹgbẹ́, ta ni ìjọba fẹ́, ta ni yóò rántí mi? Ìyá Makola ń béèrè pé: ta ni yóò dá ọjà mi padà sí bí ó ti wà? Bí ìbéèrè méjèèjì kò bá pàdé kí a tó yan olùdíje, ọjọ́ ìdìbò ni wọn ó pàdé, ibẹ̀ ni a ó sì ti mọ èyí tí ó wúwo.

Kí a má ṣe rò pé ẹgbẹ́ Elérin nìkan ni ó ń ṣe àìsàn yìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1998, ní ìlú Swedru, Ààrẹ Rawlings dá kéde pé Atta Mills ni yóò rọ́pò òun. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Aláburadà tí inú wọn kò dùn sí i yapa ní 1999, wọ́n dá ẹgbẹ́ Reform sílẹ̀. Ní òpin ọdún 2000, ìjọba tí ó ti wà fún ọdún 19 bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 2016, Mahama fúnra rẹ̀ pàdánù, ìbò tí ó sì gbà kéré sí ti 2012 ní ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin lọ. Ẹ jẹ́ kí a sì lọ sí ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1949, ní Accra yìí kan náà, Kwame Nkrumah dá ẹgbẹ́ CPP sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó gba òmìnira tí gbogbo aláwọ̀ dúdú fi yangàn. Ní 1964 a fi òfin sọ ọ́ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní ilẹ̀ náà. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí ará ìlú lè bá lọ mọ́, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọ́n kọ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1966, nígbà tí ológun gba ìjọba, a kò rí ogunlọ́gọ̀ tí ó jáde láti gba ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Àwa tí a bọlá fún Nkrumah gan-an ni ó yẹ kí a máa sọ ìtàn yìí: ẹgbẹ́ tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni jáde kò lè mọ ẹni tí ó dúró tọkàntọkàn.

Òǹkàwé kan lè bi wá pé: kí ni ọ̀ràn Ghánà kàn wá? Ó kàn wá púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ṣakí ni ó ní bàbá tàbí ìyá tí ó ṣòwò ní Accra, Kùmásì tàbí Tamale, kí àṣẹ oṣù Kọkànlá ọdún 1969 tó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó ẹrù wọn. Àdúgbò tí a ń pè ní Accra New Town, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ láyé àwọn bàbá wa. Pẹ̀lú èyí, àrùn náà kò mọ ààlà ilẹ̀. Ní Nàìjíríà, ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìbò 1,271 tó láti sọ ẹni tí ẹgbẹ́ tí ó ń ṣèjọba yóò fà kalẹ̀ ní Àbújá. Nígbà tí ìdìbò gan-an dé ní oṣù Kejì ọdún 2023, nínú mílíọ̀nù 93 tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, nǹkan bí mílíọ̀nù 25 ni ó dìbò. Bí Accra bá fi iye tí kò tó 65 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé ara òun kò yá, kí ni àwa ó pe tiwa?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀nà kìíní ni kí ó jókòó sílé. A kò bú ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn tí kò jẹ nínú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbé orí rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ kò ní ìtumọ̀ kan. Olóyè ẹgbẹ́ yóò túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ọ̀nà kejì ni kí ó jáde. Alan Kyerematen, tí ó ti jẹ́ mínísítà ìṣòwò, tọ ọ̀nà yìí: ó ṣe ipò kẹta nígbà tí ẹgbẹ́ Elérin kọ́kọ́ sẹ́ àwọn olùdíje ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ó dá tirẹ̀ dúró. Nínú ìbò 2024, kò rí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀nà kẹta ni ó le jù, òun ni àwa sì fara mọ́: kí ó dúró, kí ó sì sọ̀rọ̀, kí ó sọ ọ́ ṣáájú ìdìbò abẹ́lé, ní ibi tí aṣojú rẹ̀ yóò ti gbọ́. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀ huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo ilé rí oorun sùn ni. Bí ó bá sì sọ títí tí a kò gbọ́, ìwé ìbò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì búra fún ẹnikẹ́ni pé òun kò ní fi í ṣe ohun tí ó wu òun.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kíní ọdún 2026, ẹgbẹ́ Elérin tún pe àwọn aṣojú rẹ̀ jọ fún ìdìbò 2028, wọ́n sì tún yan Bawumia. A kò ní sọ fún wọn pé wọ́n ṣe é tàbí wọn kò ṣe é. Ẹrù wọn ni, àwọn ni yóò rù ú. Ìbéèrè tiwa ni pé: kí ó tó dìbò, aṣojú mélòó ni ó lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí ó jókòó sílé ní 2024, tí ó bi í ní ìdí rẹ̀? Ìbéèrè kan náà ń bọ̀ wá bá ẹgbẹ́ Aláburadà. Òfin 1992 fi sáà méjì mọ fún ààrẹ, Mahama sì ti ń lo èkejì. Ẹlòmíràn ni wọn ó fà kalẹ̀ ní 2028. Kí ayọ̀ ìṣẹ́gun má ṣe di wọ́n létí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe aṣojú, kí ó kọ́kọ́ pe àwọn ará ibùdó ìdìbò rẹ̀ jọ, kí ó gbọ́ tẹnu wọn, kí ó sì padà wá jíhìn. Owó ọkọ̀ àti ẹ̀bùn tí ó máa ń yí lọ́wọ́ lọ́wọ́ ní àṣálẹ́ ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé, kí ó kọ̀ ọ́, nítorí ẹni tí ó bá ti gba owó ti ta ohùn àwọn tí ó rán an níṣẹ́. Ẹni tí ó bá sì borí, kí ó má ṣe lé ẹni tí ó fìdí rẹmi kúrò nínú agbo.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni èyí tí ó kù wà. Ọmọ tí ó jókòó níwájú yín lónìí ni yóò di aṣojú lọ́la, tàbí kí ó di ẹni tí ó jókòó sílé. Ẹ kọ́ ọ pé káàdì ẹgbẹ́ kò di ènìyàn lẹ́nu, àti pé a lè fẹ́ràn ilé kí a sì sọ pé òrùlé ń jò. Àwọn bàbá wa jà kí òyìnbó má baà yan olórí fún wa mọ́. Ohun ìtìjú ni yóò jẹ́ bí àwọn díẹ̀ láàárín wa bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òyìnbó, tí àwa tí ó kù sì ń pè é ní ìfẹ́ ẹgbẹ́.