Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́

Ẹ̀yin oníṣòwò Òkè-Ògùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wa. Lóṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa mọ́ ọjà. Gbogbo ará Ṣakí ló mọ̀ pé ọ̀nà inú igbó kò tì. Ẹni tó ní ìwé, tó ń sanwó kọ́sítọ́ọ̀mù, ni òwò rẹ̀ dúró. Onífàyàwọ́ ń bá tiẹ̀ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí fóònù lọ́dún 2021 náà nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹfà, ìjọba Buhari kéde pé àwọn ti dá Twitter dúró. Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù dí ojú rẹ̀, mínísítà ètò ìdájọ́, Abubakar Malami, sì ní kí wọ́n gbé ẹni tó bá ṣì ń lò ó lọ sílé-ẹjọ́. Kí làwọn èèyàn ṣe? VPN ni wọ́n gbé sórí fóònù. VPN máa ń ti ọ̀rọ̀ ẹni pa bí ẹrù inú àpótí, á sì gbé e gba orí kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì ní mọ ibi tó ń lọ gan-an. Lẹ́yìn oṣù méje, ní January 2022, ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Lóṣù keje ọdún náà, ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu.

Ta ló jìyà? Àwọn bí ahunṣọ Ìsẹ́yìn tó ń fi aṣọ òkè han oníbàárà níbẹ̀, àmọ́ tí kò gbọ́ VPN rí.

Ìjọba lè ní nítorí àwọn ajínigbé ni. Lóòótọ́, wọ́n ń yọ wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìpè lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń béèrè owó, lórí síìmù tí ìjọba ti ní ká so mọ́ NIN láti ìparí ọdún 2020. Bí ọwọ́ kò bá tíì tẹ̀ wọ́n níbi tí kò sí kọ́kọ́rọ́, kí ni gbígba kọ́kọ́rọ́ tiwa fẹ́ ṣe? Irú kọ́kọ́rọ́ yìí náà ni báńkì fi ń ṣọ́ owó wa lórí fóònù. Bí wọ́n bá rọ òmíràn fún ìjọba, olè náà yóò wá a rí.

Kí ìjọba gba àṣẹ ilé-ẹjọ́, kó tọ ẹni tó fura sí lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣọ́ra fún VPN ọ̀fẹ́: ẹni tó ń bá yín gbẹ́rù lè máa ṣọ́ ibi tí ẹ ń lọ.